Ìyá Tí Kì Í Tọrọ Àyè

Firísà kò tíì dé, àwọn ará ilé ti ń bèèrè omi tútù. Ìyàwó onílé ti ní kí wọ́n má gbàgbé òun bí yìnyín bá ti ń dì, télọ̀ yàrá ẹ̀yìn sì ti búra pé òun ò tún ní mu omi inú ike mọ́ láyé òun. Káfíńtà, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gba firísà ọ̀hún, ti kan pákó tí wọn yóò gbé e lé, ó ti fi ọ̀dà funfun kùn ún, ó sì ti sún ibùsùn àwọn ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí àyè lè gba àlejò pàtàkì náà. Ẹnu ọ̀nà ni àwọn ọmọ wá ń sùn báyìí, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ jáde ti ń tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìlédìí ọmọ ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí ẹ̀rọ ìkẹyìn ló máa ń dúró sí, tí yóò máa to ìlédìí, tí yóò máa tẹ̀ wọ́n mọ́ra, tí yóò máa tì wọ́n sínú ọ̀rá tí wọ́n ya àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí lára. Kìípajẹ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí kò pa iṣẹ́ jẹ rí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ọ̀bẹ gé ìka, ibi iṣẹ́ ló wà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ já bọ́ láti orí òrùlé, ibi iṣẹ́ ló wà. Nígbà tó bí ọmọ kejì, ara rẹ̀ kò tíì gbẹ tó fi padà sídìí ẹ̀rọ, tí wàrà ọmú ń sun sí i láṣọ, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣa ìlédìí tó ti bàjẹ́ fún un kó máa fi tẹ́ àyà.

Ọdọọdún ni ilé-iṣẹ́ yìí máa ń ṣe Ọjọ́ Àwọn Ìyá, wọn a sì fún ìyá tó bá ta gbogbo wọn yọ ní ẹ̀bùn. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Wọn kì í bèèrè ọmọ ta ló sanra, wọn kì í bèèrè ọmọ ta ló mọ ìkíni. Ìyá tí kò tọrọ àyè rí nítorí ọmọ, òun ni ìyá tó dára jù lọ. Firísà ni ẹ̀bùn ọdún yìí, orúkọ Kìípajẹ ló sì ṣíwájú àwọn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá bí nínú, kó padà sẹ́yìn kó tún un kà.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́ Àwọn Ìyá, ara Alàgbà gbóná.

Alàgbà ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin kékeré náà, nítorí láti ìgbà tó ti mọ ẹsẹ̀ rìn ló ti máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn, tí yóò le ojú koko bí ẹni tó fẹ́ parí ìjà. Lówùúrọ̀ yìí, kò rìn, kò sì le ojú. Ó na gbalaja lórí ẹní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ẹ wá fọwọ́ kan ọmọ yìí wò."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí rédíò. Káfíńtà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí Alàgbà, ó sì yára mú ọwọ́ kúrò.

"Eyín ni," ó ní.

"Eyín wo? Ṣé eyín ló ń mí báyìí?"

"Eyín tó fẹ́ hù ló ń mú ara ẹ̀ gbóná. Kò sọ́mọ tí kì í ṣe é. Fi aṣọ tútù nù ún lára."

"Mo ti nù ún. Mo fẹ́ gbé e lọ ọsibítù ni."

Káfíńtà jókòó sórí pákó funfun tó kàn, òun tó ti ń lé gbogbo ayé kúrò lórí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

"Lónìí?"

"Ìgbà wo ló yẹ kí n gbé e lọ? Tí ara ẹ̀ bá tutù tán?"

"Ìyá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, fara balẹ̀ gbọ́ mi. Tí o bá máa lọ ọsibítù, o máa tọrọ àyè. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Kìípajẹ tún aṣọ tútù náà rẹ sómi.

"Tí o bá ti tọrọ ẹ̀, ó tán nìyẹn. Wọ́n máa ya orúkọ ẹ kúrò lára ògiri, wọ́n á gbé firísà fún ẹlòmíì. Lónìí tó yẹ kí wọ́n gbé e fún ẹ gan-an! Àríyá yẹn ò ní ju ọ̀sán lọ. Tí wọ́n bá ti gbé e jáde, ọsibítù tààrà la máa gbà. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta, kì í wo ẹnu àáké."

"Ọmọ yìí lẹ wá fẹ́ fi ṣe àáké?"

Káfíńtà ń fi ìka họ ọ̀dà ara pákó náà.

Èèyàn burúkú kọ́ ni, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Láti ìgbà tí àga oníke ti kún ìgboro ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti dẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló jọ sọ ọ́ lórí ẹní pé bí firísà bá dé, àwọn á máa ta omi tútù àti yìnyín lẹ́nu ọ̀nà, Kìípajẹ á fi iṣẹ́ ìlédìí sílẹ̀, á jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀, á máa mọ ohun tí wọ́n jẹ àti ohun tó dùn wọ́n. Kó lè ráyè ṣe ìyá ló ṣe ń wá firísà. Nítorí firísà náà ni kò ṣe lè ráyè ṣe ìyá lónìí. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tú irú okùn yìí, kó wá bá wa tú u.

Ìyá Iwájú kan ilẹ̀kùn, ó sì wọlé kí wọ́n tó dá a lóhùn. Yàrá tó wà níwájú ilé ni tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ jìnnà. Òun ló máa ń gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ Kìípajẹ láràárọ̀, tí yóò tọ́jú wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí Alàgbà ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó la ojú, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Màmá," ó ní.

Kìípajẹ, tó kúnlẹ̀ tì í láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, fà sẹ́yìn kí wọ́n lè gbé e.

"Ọkọ mi, kí ló tún ṣe ọ́? Ha! Ara ọmọ yìí ń jó geere!" Ìyá Iwájú fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ti ọmọ náà. "Àná ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún ẹ nígbà tí o dé, mo bá ẹ tí o ń sùn lórí ìjókòó, abọ́ oúnjẹ wà lórí ẹsẹ̀ ẹ. Mo ní kí n má jí ẹ."

"Mọ́mì, ó bì lánàá," Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sọ láti ibi tó ti ń ki búrẹ́dì bọnú tíì. "Ó bì sínú bàtà Dádì. Màmá ló bá wọn fọ̀ ọ́. Wọ́n ní ká má sọ fún Dádì."

Káfíńtà wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Iwájú tẹ́ Alàgbà sórí itan, ó tú àkísà tó wà nídìí rẹ̀, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn aṣọ tí télọ̀ gé kù ni wọ́n ń rán pọ̀ fi ṣe ìlédìí ọmọ náà, nítorí ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ rí òṣìṣẹ́ kankan kó mú ẹyọ ìlédìí kan jáde, wọ́n sì ń tú àpò wọn wò lẹ́nu géètì lálaalẹ́. Bí ó ti ń so aṣọ náà, ó ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì." Kò wo ẹnikẹ́ni nígbà tó sọ ọ́. Kìípajẹ mú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìṣó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnnì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pọ̀n ọ́n lọ," ó ní. "Bí wọ́n bá ti gbé kinní náà fún wa, a máa gba ọsibítù."

"Ìwọ lo bí i," Ìyá Iwájú dáhùn, ó sì da ẹ̀yìn kọ ọ́ láti pọn ọmọ.

Ìyàwó onílé ń gbálẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde. Ó gbé ìgbálẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ jó. "Ìyá tó dára jù lọ! Oríire á kalẹ́ o! Ẹ rántí wa o!" Wọ́n dáhùn, wọ́n dúpẹ́. Ó dúró títí wọ́n fi yà ní igun ilé, ó sì yíjú sí télọ̀ tó ń retí àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ojú ọmọ yẹn ò dáa."

"Èmi náà rí i," télọ̀ sọ. "Ó yẹ kí èèyàn bá wọn sọ ọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Obìnrin náà padà sídìí ilẹ̀ tó ń gbá. Omi tútù ti wà lọ́fun gbogbo wọn.

Nígbà tí wọ́n dé ilé-iṣẹ́, Káfíńtà kò bá wọn wọlé. Ó lọ yá ọmọlanke ní ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, ó kó okùn àti tìmùtìmù àtijọ́ sínú rẹ̀ kí ara firísà má bàa họ, ó sì lọ dúró níta géètì ilé-iṣẹ́. Wọ́n fún àwọn tó wá bá Kìípajẹ yọ̀ ní ẹ̀wù funfun, tí wọ́n kọ ÌYÁ NI WÚRÀ sí níwájú. Wọ́n fún Kìípajẹ náà ní tirẹ̀, pé kó wọ̀ ọ́ sábẹ́ ẹ̀wù iṣẹ́, kó sì máa lọ sídìí ẹ̀rọ.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dúró nítorí Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni wọn yóò fi yẹ́ àwọn ìyá sí, bí wọ́n bá sì ti yẹ́ wọn sí tán, wọn yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ láìjẹun. Ìyá ni wúrà lóòótọ́. Ṣebí inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa wúrà, kò sí ẹni tó ń bi í bó ṣe rẹ̀ ẹ́ sí.

Abẹ́ páànù lẹ́bàá géètì ni wọ́n ní kí Ìyá Iwájú àti àwọn ọmọ jókòó sí. Kìípajẹ dúró sídìí ẹ̀rọ, ó ń to ìlédìí, ó ń tì wọ́n sínú ọ̀rá. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rá bá kọjú sí i ni ọmọ inú àwòrán ń rẹ́rìn-ín sí i. Obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, tó máa ń di ẹnu ọ̀rá, na ọrùn sún mọ́ ọn kí ariwo ẹ̀rọ má bàa gbé ohùn rẹ̀ lọ.

"Mo rí ọmọ ẹ lẹ́nu géètì. Lọ tọrọ àyè."

Kìípajẹ wò ó. Orúkọ obìnrin yìí ló tẹ̀lé tirẹ̀ lára ògiri. Bí Kìípajẹ bá tọrọ àyè, òun ni wọn yóò gbé firísà fún.

"Ṣé o fẹ́ kí n tọrọ ẹ̀?"

Ojú obìnrin náà pọ́n. "Ọlọ́run ló mọ ohun tó wà nínú mi. Ọmọ ni mo rí tí mo fi sọ̀rọ̀."

"O ṣeun."

Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí aago ọ̀sán fi lù. Ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti jọ ń jẹ nínú abọ́ kan. Ẹni tó lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri kò mọ̀ pé òun ti fọ́ abọ́ náà, bó bá sì mọ̀, kò ní dùn ún.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ń kó ọjà sí ni wọ́n gbá, tí wọ́n to ìjókòó sí. Wọ́n gbé firísà sórí pèpéle, wọ́n so rìbọ́n pupa mọ́ ọn lára, ó funfun, ó ń dán. Wọ́n ta aṣọ ńlá kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ya ìyá àti bàbá àti ọmọ méjì sí i, gbogbo wọn na sórí koríko bí ẹni tí kò níṣẹ́ láyé. Àǹtí Ọ́fíìsì, obìnrin tó ń ṣètò òṣìṣẹ́, gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyá tí a pè yín wá wò fún yín," ó ní. "Ìyá yìí, ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ rìn, níbo ló wà? Orí iṣẹ́! Ọjọ́ tí àkọ́bí rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé, tí àwọn ìyá mìíràn ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, níbo ló wà? Orí iṣẹ́! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì pe Kìípajẹ àti àwọn tirẹ̀ sórí pèpéle. Ẹnu Kìípajẹ fúnra rẹ̀ ni Àǹtí Ọ́fíìsì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, lọ́jọ́ kan tó bá a níbi tó ti ń sunkún nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Lọ́jọ́ náà, ó fọwọ́ lé e léjìká, ó ní kó máa rọ́jú. Kò sọ fún un pé òun máa lò ó.

"Ìyá, ẹ gbé ọmọ yín dání," onífọ́tò sọ. "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, wá dúró síbí. Ẹ fara ti firísà."

Kìípajẹ na ọwọ́ sí Alàgbà. Ọmọ náà di ọrùn Ìyá Iwájú mú, ó bú sẹ́kún. Wọ́n já a gbà. Ó yí gbogbo ara sẹ́yìn ní àyà ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ sí obìnrin àgbà náà, ó ń ké, "Màmá! Màmá!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn. Àwọn obìnrin tó ní ọmọ kékeré nílé kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́," Àǹtí Ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ẹ bọ́ sẹ́yìn aṣọ yẹn kí ọmọ má rí yín."

Ìyá Iwájú wo Kìípajẹ. Kìípajẹ wo ilẹ̀. Obìnrin àgbà náà rọra gba ẹ̀yìn aṣọ lọ.

Alàgbà tún ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́ lójijì. Ara rẹ̀ le gan-in.

"Ó ti dákẹ́! Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín!" onífọ́tò kígbe, iná fọ́tò sì kọ mànà.

"Mọ́mì," Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sọ, "ojú ẹ̀ ti yí."

Gìrì ni. Ọwọ́ ọmọ náà ń já, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Iwájú já aṣọ ẹlẹ́koríko náà wálẹ̀ níbi tó ti ń sáré bọ̀. Kìípajẹ yíjú sí Àǹtí Ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ tí kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí sì jáde.

"Àǹtí, ẹ fún mi láyè. Mo fẹ́ gbé ọmọ mi lọ ọsibítù."

Àǹtí Ọ́fíìsì fi ọwọ́ bo ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ọ̀gá àgbà ò tíì sọ̀rọ̀. Ẹ fún màmá àgbà lọ́mọ kí wọ́n máa gbé e lọ, ẹ̀yin ẹ dúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló kù. Ìyá, ẹ ro ó wò, tí ẹ bá tọrọ àyè níwájú gbogbo èèyàn báyìí, kí ni mo fẹ́ sọ pé a torí ẹ̀ pè yín?"

Kìípajẹ wo firísà náà. N ò ní purọ́ fún yín, ó wò ó. Ó rí omi tútù nínú rẹ̀, ó rí ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó kó o sí irú ìrònú bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ni kí ẹ bá wí. Kó tó gbé ojú kúrò níbẹ̀, Ìyá Iwájú ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́!" obìnrin àgbà náà ń kígbe bó ṣe ń sáré. "Ẹ yà lọ́nà fún mi! Ẹ yà!"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e. Kìípajẹ tẹ̀lé wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí Àǹtí Ọ́fíìsì ní kí wọ́n bá òun pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé e.

Bàbá Géètì ṣí ilẹ̀kùn kékeré fún Ìyá Iwájú àti Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ó sì tì í pa níwájú Kìípajẹ.

"Ìwé àyè yín dà?"

"Bàbá, ọmọ mi ni wọ́n ń gbé lọ yẹn!"

"Mo rí i. Ọmọ yín ò wọ ẹ̀wù iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ wọ̀ ọ́. Ẹ má bínú, ìyá. Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù yìí, wọ́n ní kò gbọdọ̀ jáde láìsí ìwé. Ẹni tí mo ṣílẹ̀kùn fún lọ́jọ́sí, owó oṣù mi ni wọ́n gé torí ẹ̀."

"Gìrì ló mú un, Bàbá!"

"Mo gbọ́." Ojú rẹ̀ ń wò síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Àlejò nìkan ni mo lè ṣí i fún."

Kìípajẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì. Ó já èyí tó kù. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, ó yọ káàdì tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n lọ́rùn, ó kó méjèèjì lé Bàbá Géètì lọ́wọ́. Ẹ̀wù funfun ọjọ́ náà ló kù sí i lára, irú èyí tí gbogbo àlejò wọ̀.

"Ìyá, ẹ ṣe sùúrù. Tí ẹ bá fi èyí sílẹ̀ níbí, ẹ mọ̀ pé—"

"Mo mọ̀."

Bàbá Géètì wo ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn sí gbọ̀ngàn. Ó yí kọ́kọ́rọ́.

"Àlejò," ó ní, "ó dàbọ̀."

Níta, Káfíńtà ti dìde dúró lórí ọmọlanke. Ó ti rí Ìyá Iwájú tó ń sáré bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn obìnrin náà lojú rẹ̀ wà, níbi tí firísà yóò gbà jáde.

"Firísà ńkọ́? Ṣé wọ́n ń gbé e bọ̀ ni? Ẹ̀wù ẹ dà?" Ó rí ọrùn ìyàwó rẹ̀ tí káàdì kò sí mọ́. "O fi iṣẹ́ sílẹ̀? Ìyá Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀! O ò gba firísà, o sì tún fi iṣẹ́ sílẹ̀? Kí la fẹ́ máa jẹ?"

"Wá wo eyín!" Kìípajẹ fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Iwájú, ohùn rẹ̀ ya láàárín títì. "O ní eyín ni! Wá kà á fún mi, wá ka eyín tó hù!"

Káfíńtà wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó da okùn sílẹ̀ kúrò nínú ọmọlanke, ó gbé Ìyá Iwájú tọmọtọmọ sórí tìmùtìmù, ó gbé Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Kìípajẹ ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lára ẹsẹ̀ ọmọ. Àwọn èèyàn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń wo ìyá àgbà nínú ọmọlanke. Ẹnì kan tilẹ̀ bi wọ́n pé ayẹyẹ wo ni wọ́n ń lọ, nítorí ẹ̀wù ara wọn.

Nígbà tí wọ́n fi dé ọsibítù, gìrì náà ti fi ọmọ sílẹ̀. Ó rọ̀ jọ̀wọ̀rọ̀ láyà Ìyá Iwájú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ó ń sunkún díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n kò fàkókò ṣòfò. Ó tú aṣọ lára ọmọ, ó fi aṣọ tútù bò ó, ó fa ìjókòó sún mọ́ wọn.

"Ìgbà wo ni ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná?"

"Lálẹ́ àná," Kìípajẹ dáhùn.

"Lánàá," Ìyá Iwájú sọ jẹ́jẹ́. "Kí oòrùn tó wọ̀."

"Ṣé ó bì?"

"Ó bì," Kìípajẹ ní.

"Báwo ni èébì náà ṣe rí?"

Kìípajẹ wo Ìyá Iwájú.

"Oúnjẹ ló kọ́kọ́ bì," Ìyá Iwájú sọ. "Lẹ́yìn náà, omi lásán."

"Kí ló jẹ kẹ́yìn?"

"Ó máa ń jẹ búrẹ́dì tí a bá rẹ sínú tíì," Kìípajẹ yára sọ. Ó dá a lójú.

Ìyá Iwájú tún ọmọ gbé sórí itan kó tó sọ̀rọ̀. "Ó ti pẹ́ tí kò ti jẹ búrẹ́dì mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo bá fi síbí tẹ̀ fún un ló ń jẹ. Kò jẹ tàná tán."

"Ṣé oògùn kan wà tí ara ẹ̀ kì í gbà?"

"Kò sí—" Kìípajẹ bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́.

"Olómi pupa yẹn," Ìyá Iwájú sọ, ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀. "Ó máa ń sú sí i lára. Ẹ má fún un."

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ mọ ọmọ yín." Ó yíjú sí Kìípajẹ. "Àǹtí ẹ̀ ni yín?"

Káfíńtà tẹjú mọ́ ilẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ la ẹnu, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.

"Èmi ni mo bí i," Kìípajẹ sọ.

Nọ́ọ̀sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó tún ohun tó wà lórí tábìlì rẹ̀ tò, ohun tó ti wà létò tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dìde.

"A fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, a fẹ́ fa omi sí i lára. Ẹnì kan ló máa bá mi wọlé, ẹni tó lè dì í mú dáadáa."

Ìyá Iwájú ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ó gbé ẹsẹ̀, ó dúró. Ó wo Kìípajẹ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìka Alàgbà kúrò lọ́rùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Gbà," ó ní. "Á ké o. Jẹ́ kó ké."

Ọmọ náà ké. Ó fi gbogbo okun tó kù nínú rẹ̀ ta ẹsẹ̀, ó na ọwọ́ kọjá èjìká Kìípajẹ sí obìnrin àgbà tó ti yíjú sí ògiri. Ó ń pe màmá rẹ̀ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ sì dì í mú.